Ọ̀rẹ́ Mi Ń Ṣọ̀fọ̀ Bàbá Rẹ̀, Mo Sì Fi Fóònù Rẹ̀ Gba Iṣẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bá mi wá àwáwí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ti fi ọdún mẹ́ta wá a, n kò rí ọ̀kan tó dúró.

Orúkọ mi ni Khagendra Bhusal. Alásè ni mí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Kathmandu ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi àti Nandalal Khatiwada. Mo fi ọdún márùn-ún ju Nanda lọ, "Ẹ̀gbọ́n" ló sì ń pè mí. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń di ọ̀bẹ mú. Kò ju ọdún méjì lọ tó fi ń gé àlùbọ́sà yára jù mí lọ.

Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Doha, nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ń wá alásè méjì. Ọ́fíìsì tó ń bá wọn gba èèyàn wà ní àdúgbò Gaushala, lókè ilé ìtajà bàtà kan. Màdáámù Rukmini Shakya ló wà nídìí rẹ̀. Ó ní ká wá se oúnjẹ fún òun wò. A sè é. Ó tọ́ ọ wò, ó kọ nǹkan sínú ìwé.

Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì dáa. Ọ̀gá ilé ìdáná wọn ń bọ̀ láti Doha fúnra rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni yóò fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò. Tó bá ti gbà yín, ó parí nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn, kì í ṣe kí ẹ lè ṣàánú mi, kí ẹ kàn lè mọ̀ ni. Òtẹ́ẹ̀lì náà kì í gba ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Ó ku oṣù méjì kí n pé e. Ẹ̀ẹ̀mejì ni irú iṣẹ́ yìí ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Bí èyí bá tún lọ, ó tán.

Lọ́jọ́ Àìkú, tó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, a lọ ṣẹ́ẹ̀tì, a fọ eyín, a dé ọ́fíìsì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Màdáámù wò wá, ó mi orí.

"Ẹ má bínú. Wọ́n ti sún un síwájú. Àlejò ńlá wọlé sí wọn lọ́hùn-ún, ọ̀gá yẹn kò ráyè kúrò."

Mo ní, "Ó di ọjọ́ wo, Màdáámù?"

"Mo máa pè yín."

Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, Nanda rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, 'mo máa pè yín' yẹn, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti 'ẹ má pè mí.'"

Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá Nanda kú. Ó ti pẹ́ tí àyà ti ń dùn ún. Wọ́n sun òkú rẹ̀ létí odò Bagmati lọ́jọ́ náà gan-an, Nanda sì fá orí. Òun nìkan ni ọmọkùnrin, òun ló ní láti jókòó ṣọ̀fọ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàlá.

Onílé wọn wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Mi ò sọ pé kí ẹ má ṣọ̀fọ̀ o. Ẹ kàn má ṣe é nínú ilé mi ni. Àwọn ayálégbé yòókù ń bẹ̀rù."

Báyìí ni wọ́n ṣe lọ sí ilé tí wọ́n kọ́ sẹ́bàá odò fún àwọn tí kò nílé tí wọn yóò ti ṣọ̀fọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Nanda jókòó lórí koríko gbígbẹ, aṣọ funfun tí abẹ́rẹ́ kò kàn ló ró, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òtútù. Ìyá rẹ̀ wà ní igun kejì, òun náà nínú funfun. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, àgbàlagbà kan tó le bí òkúta odò, ló ń ṣọ́ wọn kí wọ́n má baà ṣe ohun tí kò yẹ.

Mo fẹ́ sún mọ́ ọn. Àgbàlagbà náà gbọ́wọ́ sókè. "Ibẹ̀ yẹn ni kó o dúró sí. O fẹ́ fọwọ́ kàn án kó tún lọ wẹ̀ nínú omi tútù yẹn?"

Ẹni tó wà nínú ọ̀fọ̀, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló ń se ìrẹsì rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, láìsí iyọ̀. Kì í wo dígí, kì í bá ẹnikẹ́ni ná ọjà. Ẹ̀gbọ́n bàbá yìí sì ti fi fóònù kún un.

Nanda ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ lò ó. Mo ti pe Màdáámù lánàá kí n tó fárí, kò gbé e." Ó gbé fóònù náà sórí òkúta tó wà láàárín wa, ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ìgbà náà ni èmi tó mú un. "Ẹ bá mi mú un dání. Bó bá pè, ẹ sọ fún un pé ọ̀fọ̀ ni mo wà. Kó bá mi fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà sí ẹ̀yìn ọjọ́ kẹtàlá."

"Má ṣèyọnu."

"Ẹ ò rí ohun tí onílé yẹn ṣe fún wa? Bí mo bá dé Doha, ilé tiwa ni mo máa kọ́kọ́ kọ́. Kò sẹ́ni tí yóò tún sọ fún màmá mi pé kó lọ síta lọ sunkún."

Ìyá rẹ̀ gbójú sókè. "Khage, ọmọ mi, ìwọ ni ọwọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàlá yìí o."

Mo ní, "Màmá, mo gbọ́."

Lọ́jọ́ náà, òótọ́ ni mo sọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe Màdáámù. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní, "Kò tíì sí nǹkan," ó sì pa á kí n tó sọ ọ̀rọ̀ Nanda. Lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Khagendra, mo ní mo máa pè yín." Mo ráyè sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. N kò sọ ọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ òkú, yóò kà wá sí oníwàhálà, ká kúkú dúró kó fi ọjọ́ sílẹ̀ ná. Lọ́jọ́ kẹta, kò gbé e rárá.

Mo ń pè é láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo ń pè é nínú ọkọ̀, mo ń wo fóònù méjèèjì bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹyin. Purna, olórí alásè wa, ọkùnrin sísanra kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, rí mi.

"Khage, iṣẹ́ lò ń wá ni àbí ìyàwó? Ọkùnrin tó ń fẹ́ obìnrin gan-an kì í pè é tó báyìí."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre."

"Mo ti fi ọ́ sílẹ̀. Màdáámù yẹn ló yẹ kó o fi sílẹ̀. Ẹni tó ń wáṣẹ́ dà bí ẹni tó ń se mílíìkì. Bó bá tẹjú mọ́ ọn, kò ní hó. Kó gbójú kúrò báyìí, á ti dànù."

Gbogbo ilé ìdáná rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín in, ṣùgbọ́n inú mi ń ka ọjọ́. Ọjọ́ ìbí mi ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè sún òun síwájú.

Ọjọ́ kẹjọ ọ̀fọ̀ náà bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ń se mílíìkì tíì àárọ̀ nígbà tí fóònù dún nínú àpò mi. Kì í ṣe tèmi. Ti Nanda ni.

"Nanda?"

"Màdáámù, Khagendra ni. Fóònù Nanda wà lọ́wọ́ mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, ìwọ náà ni mo fẹ́ pè lẹ́yìn rẹ̀. Gbọ́. Ọ̀gá yẹn ń bọ̀ l'Ọ́jọ́bọ̀, agogo mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dín in kù. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ báyìí."

"Ẹnì kan?"

"Èmi kọ́ ni mo dín in kù o. Nanda ló ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò wa, òun ni mo máa fi síwájú wọn. Bó bá yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo máa mú ìwọ lọ. Níbo ló wà?"

Níbo ló wà. Ó wà létí odò, kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sí ọ́fíìsì obìnrin náà. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ: ó ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀. Mo ní i lẹ́nu. Mo fẹ́ sọ ọ́.

Ohun tí mo gbọ́ pé mo sọ ni, "Màdáámù, Nanda ò lọ mọ́."

"Kò lọ mọ́ ke? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìyá rẹ̀ ò gbà. Ó ti yọwọ́."

"Kí ni fóònù rẹ̀ wá ń ṣe lọ́wọ́ rẹ?"

"Kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́ rárá ni, Màdáámù."

Ó ní, "Ó dùn mí. Ọmọ yẹn mọ oúnjẹ sè. Ó dáa, sọ fún un kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé òun ti yọwọ́, kí n rí nǹkan fi hàn wọ́n. N kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé èmi ni mo pààrọ̀ èèyàn."

Bí mo ṣe gbé fóònù kúrò létí, mílíìkì ti hó dànù, ó ti bo iná. Purna kígbe láti ọ̀hún, "Mi ò sọ fún ọ?"

Mo nu ibẹ̀ tán. Mo lọ sẹ́yìn, níbi tí a ń to agolo gáàsì sí. Mo kọ ọ́ sínú fóònù Nanda: *Màdáámù, èmi Nandalal Khatiwada ti yọwọ́ nínú iṣẹ́ Doha. Ìyá mi kò gbà. Ẹ ṣé.* Mo fi ránṣẹ́. Mo dúró títí mo fi rí i pé ó dé ọwọ́ rẹ̀. Mo wá pa á rẹ́ kúrò nínú fóònù náà.

"Ẹ ṣé" yẹn ló ń dùn mí jù títí dòní. Nanda kì í kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni láìfi "ẹ ṣé" parí rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n débi pé mo mọ bó ṣe ń dúpẹ́.

Lọ́sàn-án, mo lọ kí i bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Ó ti se ìrẹsì rẹ̀ tán, ó da bọ́tà yíyọ́ díẹ̀ lé e lórí. Ètè rẹ̀ ti bó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó pè?"

"Kò tíì pè. Ó ní ká ṣì máa retí."

"Ó dáa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ọlọ́run ló ń bá mi dá wọn dúró." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ tún bá mi pè é lọ́la. Ẹ̀yin náà ti ṣe wàhálà."

Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n rere ni. Ọmọ tí mo bí gan-an kò lè ṣe jù báyìí lọ."

Mo wo odò.

Lọ́jọ́rú, mo pinnu pé màá jẹ́wọ́ fún Màdáámù. Mo pè é. Kò gbé e. Mo tún pè é lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń dún, mo ń gbàdúrà kó má gbé e. Kò gbé e lóòótọ́. Mo ní, ṣé mo ti gbìyànjú. Bí èèyàn ṣe ń tan ara rẹ̀ jẹ nìyẹn.

L'Ọ́jọ́bọ̀, mo tún lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà. Ọkùnrin tó ti Doha wá náà kì í ṣe èèyàn líle. Ó wo ọwọ́ mi, ó ka àpá ọ̀bẹ àti àpá iná. Ó bi mí ní oríṣiríṣi ìbéèrè nípa ọbẹ̀, nípa ẹran, nípa ìmọ́tótó. Ó wá bi mí ní ìkẹyìn pé, "Bí ẹnì kejì rẹ bá ṣàìsàn nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù, kí lo máa ṣe?"

Mo ní, "Màá bá a di ipò rẹ̀ mú títí yóò fi padà."

Ó ní, "Ìdáhùn tó dára nìyẹn."

Mo fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ náà. Màdáámù gba ìwé ìrìnnà mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. "Khagendra, o ṣoríire. Kí ọjọ́ orí rẹ tó lé ọ bá ni a rí i ṣe. Bá mi kí Nanda. Sọ fún un pé bí ìyá rẹ̀ bá yí ọkàn padà, kó wá rí mi lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo ti ibẹ̀ lọ sétí odò. Nanda wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ aṣọ! Ṣé ìgbéyàwó lẹ ń lọ ni?"

"Àlejò kan wá sí òtẹ́ẹ̀lì ni."

"Purna wọ aṣọ tó mọ́?"

"Purna náà gbìyànjú."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fi wí i pé ọ̀fọ̀ ni, kì í ṣe àwàdà. Ẹ̀rín náà ni mo gbé lọ sílé. N kò lè gbé e sílẹ̀, n kò sì lè dá a padà.

Ọjọ́ kẹtàlá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ tí gbogbo ọ́fíìsì ń ṣí. Ọ̀fọ̀ parí láàárọ̀. Àlùfáà wọ́n omi, ó ka ohun tó kà, ó gba ẹ̀bùn rẹ̀. Láti wákàtí náà lọ, èèyàn lè fọwọ́ kan Nanda. Yóò ṣì máa wọ funfun fún ọdún kan gbáko fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti padà sáàárín èèyàn. Àwọn ẹbí ń jẹun nílẹ̀ lórí àwo ewé. Ìyá rẹ̀ bu oúnjẹ fún mi ṣáájú ọ̀pọ̀ wọn, ó fi ohun dídùn kan lé e lórí.

"Jẹun, ọmọ mi. Ìwọ náà ti bá wa gbààwẹ̀."

Nanda wá sọ́dọ̀ mi, ó na ọwọ́. Mo rò pé ó fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́. Fóònù rẹ̀ ló ń béèrè.

Mo ní, "Jẹun ná."

"Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ mẹ́tàlá! Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn Màdáámù kí n tó jẹ iyọ̀."

Mo fún un. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo fẹ́ sọ pé, jẹ́ ká bọ́ síta, mo ní nǹkan bá ọ sọ. Nígbà tí mo fi máa la ẹnu, ó ti tẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ní, "Jẹ́ kí èmi náà gbọ́," Nanda sì mú kí ohùn fóònù náà jáde síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Màdáámù, ẹ káàárọ̀ o. Nandalal ni, Nandalal Khatiwada. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní kí n bi yín nípa ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wa tí ẹ sún síwájú."

"Nanda? Ṣé ìyá rẹ ti wá gbà ni?"

"Kí lẹ wí, Màdáámù?"

"Ìwọ náà lo kọ̀wé sí mi pé o ti yọwọ́. Ó wà níwájú mi níbí. 'Èmi Nandalal Khatiwada ti yọwọ́ nínú iṣẹ́ Doha. Ìyá mi kò gbà. Ẹ ṣé.' Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lo fi ránṣẹ́."

Ìyá rẹ̀ ní, "Èmi? Èmi ni mi ò gbà? Nígbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Nanda ní, "Màdáámù, bàbá mi ló kú. Ọ̀fọ̀ ni mo wà. Láti ọjọ́ kejì ni mi ò ti fọwọ́ kan fóònù yìí."

A ń gbọ́ ìró ọkọ̀ Gaushala nínú fóònù náà. Nígbà tí obìnrin náà tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ọmọ mi, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi? Èmi náà ti jókòó ṣọ̀fọ̀ bàbá mi rí. Bí mo bá mọ̀, mo máa ní kí ọ̀gá yẹn wá bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán létí odò níbẹ̀. Mo ti ṣe é fún ẹlòmíràn rí. Wọ́n ti mú èèyàn báyìí. Khagendra ti fọwọ́ síwèé l'Ọ́jọ́bọ̀. Kò sọ fún ọ ni?"

Ẹnikẹ́ni kò jẹun mọ́.

Nanda pa fóònù náà. Kò pariwo. Ì bá dáa kó pariwo. Ó bi mí pé, "Ṣẹ́ẹ̀tì ọjọ́ yẹn?"

Mo ní, "Nanda, ọjọ́ orí mi..."

"Mo bi ọ́ léèrè nípa ṣẹ́ẹ̀tì."

Láti ìgbà tí a ti mọra, ìgbà kìíní nìyẹn tó bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ yẹn ni."

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ dìde pẹ̀lú ọ̀pá. Ìyá rẹ̀ ló dá a dúró. Ó wo àwo ewé tó wà níwájú mi. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán. A kì í gba oúnjẹ òkú lẹ́nu èèyàn." Ó yíjú sí mi. "Ṣùgbọ́n o fi ẹnu mi sọ ọ́, Khage. Ọkọ mi kú, o wá fi ẹnu mi lé ọmọ mi kúrò nínú iṣẹ́."

Mo dìde. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí Nanda láti bẹ̀ ẹ́. Ó fà sẹ́yìn kíá, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láti ọjọ́ mẹ́tàlá.

Ó ní, "Má fọwọ́ kàn mí. Mo ṣì ń ṣọ̀fọ̀."

Mo sáré lọ bá Màdáámù lọ́jọ́ náà. Mo kúnlẹ̀ nínú ọ́fíìsì lójú àwọn tó ń dúró. Mo ní kó fún Nanda ní ipò mi.

Ó ní, "Ṣé àga ọkọ̀ ni físà, tí wàá dìde kí ẹlòmíràn jókòó? Orúkọ rẹ ló wà nínú ìwé, ìwé sì ti wà ní Doha. Bí mo bá yọ ọ́, ọ́fíìsì mìíràn ni wọ́n á ti mú èèyàn. Nanda ò ní rí i, ìwọ náà ò ní rí i."

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Màdáámù. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn."

"Òótọ́ wo? Pé mo gba àtẹ̀jíṣẹ́ èké wọlé?" Ó nu ojú. "Mo máa kọ̀wé. N ò ṣèlérí. Mo máa pè ọ́."

Fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, mo ń pe obìnrin náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, nítorí Nanda báyìí. "Kò tíì sí nǹkan." "Wọn ò tíì fèsì." "Khagendra, mo ní mo máa pè ọ́." Ó wá débi tí kò gbé e mọ́. Mo lọ síbẹ̀. Wọ́n ní ó ti jáde. Mo rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Purna náà gbọ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé kí n má lọ síbi ìgéǹkan tí Nanda wà nígbà tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí ọ̀bẹ wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé Nanda kò ní ṣe mí ní nǹkan kan. Ó dé nínú aṣọ funfun, ó gé àlùbọ́sà rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ èyí tó jẹ́ ti àlùbọ́sà.

N kò ní parọ́ fún yín pé n kò lọ sí Doha. Mo lọ. Mo lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, mo sì padà sílé ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mo gbọ́ pé Nanda ṣì wà nílé ìdáná wa àtijọ́, pé òun àti ìyá rẹ̀ ṣì ń gbé nílé onílé. Ọ́fíìsì Màdáámù ti di ilé tí wọ́n ti ń ṣe irun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹnì kan bá fi ohun rẹ̀ lé yín lọ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ tirẹ̀ kò sí nílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ tètè jíṣẹ́ tó rán yín. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dákẹ́ nítorí mo rò pé kò tíì yá ni mo ti ṣẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí mo parọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe nọ́ńbà Nanda. Kò tíì yí i padà. Ó dún títí, ó wá gbé e. Mo gbọ́ ìró ìkòkò lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní, "Nanda, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Jọ̀ọ́, fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún mi kí n wá rí ọ. Ọjọ́ yòówù tó bá wù ọ́."

Ó dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí èèyàn ṣe ń dá àjèjì lóhùn.

"Nandalal Khatiwada ti yọwọ́. Ìyá rẹ̀ ò gbà. Ẹ ṣé."

Ó pa á.